Àbẹ̀kẹ́, Má Sọ Pé Iná Ló Bà Á Jẹ́

Ilé wa, Ìkìrun
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Mojí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wá ibi kan jókòó sí kí o tó máa ka èyí lọ, torí ó gùn. O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í kọ lẹ́tà. Èyí tó gùn tí mo kọ kẹ́yìn, ìyá rẹ ni mo kọ ọ́ sí, kò sì tíì gbà láti fẹ́ mi nígbà yẹn. Òun náà ló jókòó tì mí yìí, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń na ọrùn wo ohun tí mò ń kọ. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ gidi ládùúgbò yín. Ó ní kí n béèrè bóyá fèrèsé yàrá rẹ ní nẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó jẹ́ kí n mí ná.

Iṣẹ́ tuntun rẹ dùn mọ́ wa dé egungun. Láti ọjọ́ tí o ti pè wá, kò sí ẹni tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí n kò sọ fún: ọmọ mi obìnrin ń lọ síbi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ iná oòrùn n'Íbàdàn, òun ni yóò máa yẹ ẹrù wò kó tó jáde, bí kò bá buwọ́ lù ú, kò lọ síbì kan! Ọ̀rọ̀ náà ti sú Àlàájì ilé kejì. Wọ́n ní, "Bàbá Mojí, a ti gbọ́ o! Ṣé ká bá yín kéde ẹ̀ lórí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ni?" Mo ní bí wọ́n bá lè bá mi ṣe é, màá dúpẹ́.

Àdúrà nìkan ni mo fẹ́ fi kún ìwé yìí tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló yí i padà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ géèmù rẹ. O ti mọ ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí a bá to ọ̀rọ̀ dáadáa, ibi tó ti wọ́ máa ń hàn.

Kí o tó kó ẹrù lọ, o jókòó sí tábìlì iṣẹ́ mi àtijọ́, o ṣe ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú mẹ́rin. Mo wò ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ̀ǹpútà kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ lo fi ṣe ọpọlọ rẹ̀. O so ojú kékeré mọ́ ọn, o to bọ́tìnnì sọ́tùn-ún sósì, o fi bátìrì pẹlẹbẹ sẹ́yìn rẹ̀, o sì kó àwọn géèmù àtijọ́, irú èyí tí ẹ̀yin ọmọdé ń rọ́ wá ta ní ṣọ́ọ̀bù mi láyé ọjọ́un, sínú káàdì kan tí kò ju èékánná lọ. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ẹnu yà mí. Nígbà tí ojú rẹ̀ tàn, tí orin àtijọ́ yẹn sì dún, mo pariwo, "Yéè, Mojí!" Ìyá rẹ sá jáde láti kíṣìnnì, ó rò pé iná ló gbé mi.

O fún mi ní ọ̀kan. O fún Àlàájì ní ọ̀kan. O gbé ọ̀kan lọ sí Ínísà fún Díákónì, tí èmi àti wọn jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. O gbé ìkẹrin lọ sí Òkukù fún Màmá Ọ̀gá, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rẹ nígbà tí o wà ní kékeré, o ní láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ wọn ń ṣófo. Láti ọjọ́ yẹn, àwa arúgbó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò rójú ráyè mọ́. Díákónì ń ta èyí tí bíríkì ń já bọ́ látòkè yẹn, ìyàwó wọn ní díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbàgbé ìpàdé àdúrà. Èmi àti Àlàájì ń fi máàkì figagbága lójúde ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń rẹ́ mi jẹ. Ọmọ mi, nǹkan dáadáa lo ṣe. Kí o tó gbọ́ ohunkóhun mìíràn lẹ́nu mi, gbọ́ ìyẹn.

Lánàá ni mo fi tèmi síná kó gba agbára. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ "kẹ́ẹ́". Ẹ̀yìn rẹ̀ ti là. Mo tú u, mo rí bátìrì tó ti wú bí àkàrà, ó gbóná débi pé n kò lè fọwọ́ kàn án. Mo fi ẹ̀mú gbé e jáde, mo sọ ọ́ sínú garawa iyanrìn lẹ́yìnkùlé. Mo wá gbé awò sójú, mo yẹ pátákó kékeré tó ń fún bátìrì níná wò. Àṣìṣe náà ò fara sin rárá. Iná tí pátákó yẹn ń tì jáde, bátìrì ńlá ló lè gbà á, bátìrì kékeré lo sì fi síbẹ̀. Rẹ́sísítọ̀ kan ṣoṣo tó ń díwọ̀n iná ló yẹ kí o yí padà. O ò yí i.

Mo pè ọ́, mo ṣàlàyé. O wá ní, "Háà, Bàbá, mo mọ̀ ọ́n, mo gbàgbé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ bátìrì tiyín. Màá pe àwọn tó kù, màá ní kí wọ́n má fi síná mọ́, màá ní iná tí wọ́n ń mú wá ládùúgbò wọn ló le jù, òun ló ń bà á jẹ́. Ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn o, Bàbá. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n má lọ máa sọ pé..." Fóònù já. Mo pè ọ́ padà, kò lọ. Mo dúpẹ́ pé kò lọ, torí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn kì í ṣe èyí tó yẹ kí bàbá bá ọmọ sọ lórí fóònù.

Mo sùn lé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ́kọ́ ṣe ohun kan tí màá sọ fún ọ níkẹyìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú bírò.

Ìkíní tí mo fẹ́ sọ nìyí: jẹ́ kí ẹrù máa sùn. Ọ̀gá wa n'Ínísà ní òfin kan tí wọn kì í gbẹ̀bẹ̀ lé lórí. Rédíò tí a bá tún ṣe lónìí kì í lọ sílé lónìí. Wọ́n á gbé e sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á tàn án, yóò máa sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á pa á, ó di òwúrọ̀, wọ́n á tún tàn án. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ránṣẹ́ sí olówó rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹrù tí kò tíì sùn kò tíì yá." Àwa ọmọ iṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ṣé ó ń rẹ rédíò ni?" Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o tún un ṣe ló rẹ̀. Ojú rẹ ò ríran mọ́. Tó bá dọ̀la, ojú náà á ti padà." O ò rí i, Àbẹ̀kẹ́, ohun tí wọ́n máa sanwó fún ọ láti máa ṣe n'Íbàdàn gan-an nìyẹn, ọ̀gá mi tí kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ ti ń ṣe é n'Ínísà.

Ìwọ náà mọ òfin yẹn. Inú ṣọ́ọ̀bù lo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò ń kán ọ lójú, o fi òjé so wáyà ìkẹrin láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán o ti pín gbogbo wọn tán. Kò sí èyí tó sùn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mi ò sọ ọ́ láti fi nà ọ́. Ojú rẹ ló ti rẹ̀, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Má sì rò pé mò ń ṣe bí ẹni mímọ́. Jẹ́ kí n sọ bí èmi náà ṣe rú òfin yẹn. Ìyá rẹ ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ó mọ èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà, ìfẹ́ ọmọbìnrin kan l'Ókukù sì ti kó sí mi lórí. Bàbá ọmọ náà, ìyẹn bàbá ìyá rẹ, ní rédíò ńlá kan tí ń lo bátìrì mẹ́fà. Rédíò náà dákẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi, ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ tún un ṣe. Ọjọ́ tí mo tú u, ọ̀gá wa ò sí nílé, wọ́n lọ kí ẹbí wọn ní Ìbà. Mo rí kápásítọ̀ tó kú, mo pààrọ̀ rẹ̀, rédíò náà sọ̀rọ̀. Áà! Ṣé kí n wá gbé e sórí pákó kó máa sùn? Nígbà tí ọmọ ẹlẹ́wà ń dúró dè mí l'Ókukù? Mo dé e pọ̀ kíákíá, mo yá kẹ̀kẹ́ Díákónì, mo di rédíò mẹ́yìn, mo tẹ̀ ẹ́ lọ sí Òkukù.

Wọ́n pé jọ sí pálọ̀ láti wá wo ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́gbọ́n. Bàbá kó bátìrì sí i, wọ́n yí i. Èéfín! Ìkánjú tí mo fi dé e, mo ti so wáyà bátìrì sódì. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ẹnu mi ti là, mo ní, "Ẹ má bínú sà, iná tí wọ́n ń mú wá ló le jù, òun ló bà á jẹ́."

Bàbá gbójú sókè, wọ́n wo àjà láti orígun kan dé èkejì, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Wọ́n wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Iná wo, ọmọ mi?" Àbẹ̀kẹ́, iná ò tíì dé ilé yẹn rí! Kò sí wáyà, kò sí gílóòbù, àtùpà epo ni wọ́n ń lò. Ìyá rẹ fi aṣọ bo ẹnu, ó sá wọ yàrá, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níta.

Ṣé o mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́? Kì í ṣe pé mo jókòó gbèrò irọ́. Gbogbo oníṣẹ́ tiwa ló máa ń sọ ọ́. Bí síkúrúù bá ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wa, iná ni. Bí a bá fi òjé so ohun tí kò yẹ kó so, iná ni. Iná kò lẹ́nu tí yóò fi jiyàn. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo sọ ọ́ nínú ilé tí kò níná.

Bàbá ní kí àwọn tó kù máa lọ. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Rédíò tó jóná, mo lè ra òmíràn. Ẹnu tí irọ́ ti mọ́ lára, níbo ni wọ́n ti ń ta òmíràn?" Wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe, ọjọ́ tí mo bá ń gbé e bọ̀, kí n sọ ohun tí mo ṣe gan-an lójú àwọn tí mo purọ́ lójú wọn. Bí n kò bá lè sọ ọ́, kí n fi rédíò náà rán ẹlòmíràn, kí èmi má padà wá.

Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń wò ó. Díákónì, tí wọn ò tíì ronúpìwàdà nígbà yẹn, ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà lọ, obìnrin pọ̀ n'Ínísà. Lọ́jọ́ kẹfà mo gun kẹ̀kẹ́ lọ. Mo dúró ní pálọ̀ yẹn, mo ní, "Èmi ni mo so wáyà sódì. Mo kánjú, torí ọmọ yín ni mo kánjú. Kò síná kankan nínú ọ̀rọ̀ náà." Ilé ya, ẹ̀rín sọ. Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ìyá rẹ ní ọjọ́ yẹn gan-an ni òun ti pinnu pé èmi lòun máa fẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé kì í ṣe torí ẹwà mi o. Mo ti kọ ọ́.

Nítorí náà, ìkejì: ìtìjú kì í pẹ́ bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe ń pẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀rù fi jẹ mí, ìtìjú náà ò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu omi ife kan lọ. Irọ́ ló máa ń pẹ́. Wàá máa rántí ohun tí o sọ fún lágbájá, wàá máa ṣọ́ kí tàmẹ̀dù má bá a pàdé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a.

Jẹ́ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níbí kí n tó gbàgbé. Ọjọ́ tí mo pè ọ́ pé àwọn géèmù inú ẹ̀rọ mi ṣàdédé pòórá, irọ́ ni. Mo yọ káàdì inú rẹ̀, mo tì í bọ inú fóònù mi torí mo fẹ́ wo ohun tó wà níbẹ̀. Fóònù bi mí ní nǹkan kan, n kò mú awò dání, mo tẹ ibi tí ọwọ́ mi bá. Gbogbo rẹ̀ sì nù lọ bí ẹni fọ síléètì. O fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan kọ́ mi lórí fóònù bí mo ṣe máa da gbogbo rẹ̀ padà, o ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, káàdì yẹn ni ò dáa." Mo sì gbà bẹ́ẹ̀! Àgbà bíi tèmi! Àbẹ̀kẹ́, kò sí "ṣàdédé" nínú iṣẹ́ tiwa. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni n'Íbàdàn, mọ̀ pé ọwọ́ kan ti débẹ̀.

Ìkẹta ò tilẹ̀ ní ètò, mo kàn ń dà á sílẹ̀ ni. Máa kí àwọn tí ń gbálẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ kí o tó kí ọ̀gá, àwọn ni wọ́n mọ ẹni tó ń kánjú lọ sílé. Bí o bá rí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí, fa àga sún mọ́ ọn, kí o bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà kékeré tìrẹ, ṣùgbọ́n bí o bá ti pè mí kí n wo pátákó iná yẹn kí o tó dé e, ǹ bá ti rí i. Èmi náà ò sì yọjú sí i. Ṣe ni mo dúró lókèèrè tí mò ń yangàn pé ọmọ mi gbọ́n jù mí lọ. Ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀bi náà. Bí ẹnì kan níbi iṣẹ́ bá sọ fún ọ pé kí o buwọ́ lu ẹrù tí o ò tíì yẹ̀ wò torí pé oníbàárà ń dúró, sọ pé bàbá rẹ ní kí o má ṣe é. Kí wọ́n bú mi, mo wà n'Íkìrun. Jẹun láàárọ̀. Ìyá rẹ ní kí n fi ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Èyí tó kù yìí ló wúwo, n kò sì lè fi ẹ̀rín sọ ọ́.

Lánàá tí o sọ ọ̀rọ̀ iná yẹn lórí fóònù, kì í ṣe ìwọ ni mo bínú sí. Mo rántí ọjọ́ kan tí o wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, o jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, o wọ aṣọ ilé-ìwé. Ọkùnrin kan láti Èkó-Èńdé wọlé wá béèrè tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Èmi ni mo ti bà á jẹ́. Mo ṣì ń wá ohun tí màá sọ, ìwọ ni o dáhùn. O ní, "Ẹ má bínú sà, iná ló bà á jẹ́." Ohùn mi gan-an, títí dé ibi tí mo ti máa ń mí. Ọkùnrin náà gbà á, torí ta ló máa rò pé ọmọ kékeré ń purọ́? Ó lọ. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ sókè, mo ní, "Ọmọ mi gidi!" Mo ra bisikíìtì fún ọ.

Bàbá ìyá rẹ ti wẹ ẹnu mi mọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo tún lọ fi ìdọ̀tí náà sí ẹnu ọmọ ọmọ wọn. Ó dùn mí, Àbẹ̀kẹ́. N kò sùn dáadáa lánàá nítorí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn n'Íkìrun ló ń sọ pé ọwọ́ mi lo mú. Mo ń yọ̀ sí i láti ọjọ́ yìí wá, n kò bi ara mi pé kí ló tún mú pẹ̀lú ọwọ́. Dárí jì mí.

Wàyí o, ohun tí mo ṣe láàárọ̀. Ewu kì í dúró de lẹ́tà. Àwọn ènìyàn mẹ́ta ń gbé bátìrì yẹn sùn. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Àlàájì, wọ́n gbé tiwọn fún mi láìjiyàn, wọ́n kàn ní, "Ẹ̀rù bà yín torí mo ju yín lọ." Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ínísà. Díákónì ń ta á lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Bàbá Mojí, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí bíríkì yìí jókòó." Mo dúró. Nígbà tí mo yọ bátìrì rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń wú. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkukù. Màmá Ọ̀gá gbé tiwọn jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí, Àbẹ̀kẹ́, abẹ́ ìrọ̀rí! Èyí ò tíì ní nǹkan kan, mo yọ bátìrì rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wọn wà nínú iyanrìn báyìí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bi mí pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sọ fún wọn: "Kò dára kí ó wà níbẹ̀. Mojí ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìdí rẹ̀." Àlàájì ní kò burú. Díákónì kàn ń bi mí bóyá máàkì wọn á ṣì wà níbẹ̀. Màmá Ọ̀gá ló wò mí dáadáa, ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ní, "Ṣé òun ló ní kí ẹ sọ pé òun ń bọ̀?" Mo ní, "Rárá, mà." Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ sọ fún un pé bó bá wá, mi ò ní bínú, ohun yòówù kó jẹ́."

O rí i pé mo ti fi ẹnu rẹ ṣe ìlérí láìbi ọ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Mọ́ńdè ló wà lọ́kàn rẹ, ẹ̀rù ń bà ọ́ kí wọ́n má gbọ́ pé ẹni tí yóò máa yẹ ẹrù wò kò yẹ tirẹ̀ wò. Kí wọ́n gbọ́! Ẹni tó ti ṣe àṣìṣe yìí, tó ti rìn káàkiri sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, òun gan-an ló yẹ kó máa buwọ́ lu ẹrù àwọn ẹlòmíràn. Bí o bá fi irọ́ yìí wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹrù àkọ́kọ́ tí kò bá dára tí wọ́n bá gbé wá síwájú rẹ, ọwọ́ rẹ ò ní lè kọ̀ ọ́.

Mo ti ra rẹ́sísítọ̀ mẹ́rin àti bátìrì tuntun, mo kó wọn sórí tábìlì. N kò fọwọ́ kàn wọ́n, iṣẹ́ rẹ ni. Wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ojúlé mẹ́ta ni: ti Àlàájì, Ínísà, Òkukù. Èmi máa bá ọ lọ, ṣùgbọ́n ìta ni màá dúró.

Bí o bá wá, ojú á tì ọ́ díẹ̀, á sì tán, ìyá rẹ á sì ti gún iyán dè wá. Bí o ò bá wá, n kò ní bá ọ jà. Màá dá wọ ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Sátidé, màá sì sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ọmọ mi kò lè wá sọ òótọ́, torí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo ra bisikíìtì fún un pé ó purọ́.

Èmi bàbá rẹ ni,
tí ń retí rẹ lójúde.